ÌDÁNILẸ́KỌ̀Ọ́ KẸTÀLÁ: ÌTỌ̀ TÍ KÌ Í TÁN LÁRA ÀWỌN ÌYÁ WA

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tó tún mú ẹ̀mí wa rí oṣù alápọ̀n-ọ́nlé yìí. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá aṣíwájú wa, Ànábì Muhammad, àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ pátá.

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má pa rédíò o! Kí bàbá ilé náà súnmọ́ tòsí, kí àwọn ọmọ tó ti dàgbà sì fetí sílẹ̀, nítorí ìyá wọn ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ wo ìyá kan tó ti ń súnmọ́ àádọ́ta ọdún tàbí tó ti lé ní i. Nǹkan oṣù rẹ̀ ń ṣe ségesège, tàbí ó ti dúró. Ó wọ ilé ìtọ̀ kí ó tó ṣe àlùwàlá ìrun Àyìlá. Ó jókòó títí, ìtọ̀ kò tètè jáde. Nígbà tó sì máa jáde, díẹ̀díẹ̀ ló ń kán. Ó dìde, ó ní ó ti tán. Kò ì tíì fọ ẹsẹ̀ tán tí ìtọ̀ tún fi ń gbọ̀n ọ́n. Ó padà lẹ́ẹ̀mejì, ó padà lẹ́ẹ̀mẹta. Kí ó tó dé mọ́ṣáláṣí, lèmọ́mù ti sálámà. Bí ó bá sì bá ìrun, nígbà tó bá forí kanlẹ̀, díẹ̀ á yọ sí i lára.

Kí ni púpọ̀ nínú wọn wá ń ṣe? Òmíràn á yáa jókòó sílé, kò ní lọ kí ìrun àṣámù mọ́. Òmíràn kì í mu omi ní sààrì. Òmíràn ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé òun ti ṣẹ Ọlọ́hun ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe òun. Ẹ̀yin ìyá wa, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àìlera ara ni, ó ní ìtọ́jú, ẹ̀sìn wa sì ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe. Bíbò ó mọ́ra ni kì í jẹ́ kí ó san.

KÍ LÓ Ń FÀ Á?

Láàrin ọdún 45 sí 55 ni nǹkan oṣù ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń dúró. Bí ó bá pé oṣù 12 gbáko tí obìnrin tó wà ní ọjọ́ orí yìí kò rí i, a lè sọ pé ó ti dúró. Ní àsìkò yìí, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní estrogen máa ń dínkù gan-an nínú ara. Èròjà yìí kò mọ sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí nìkan. Òun náà ló ń mú kí awọ ojú ara àti ojú ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde nípọn, kí ó sì rọ̀. Bí ó bá dínkù, ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á gbẹ, á máa ta obìnrin, kòkòrò àìsàn á sì tètè ríbi wọlé.

Ìkejì, àwọn iṣan tó gbé àpò ìtọ̀ àti ilé ọmọ dúró ti ṣe wàhálà púpọ̀. Ọmọ bíbí ńkọ́? Ẹrù wúwo ńkọ́? Ikọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ńkọ́? Bí iṣan bá ti dẹ̀, ilé ọmọ tàbí àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ lè sọ̀ wálẹ̀, kí ó sì ṣẹ́ ọ̀nà ìtọ̀ po, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá po. Ìtọ̀ kò ní lè tán nínú. Ìtọ̀ tó bá sì kù sílẹ̀, kòkòrò á sọ ibẹ̀ dilé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ la ó dì ru ọjọ́ orí o. Àtọ̀gbẹ lè ba iṣan tó ń fún àpò ìtọ̀ ní ìmọ̀lára jẹ́. Ìgbẹ́ tó gbẹ, tó há síkùn, lè tẹ ọ̀nà ìtọ̀. Àwọn òògùn ọ̀fìnkìn àti òògùn ara yíyún kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí àpò ìtọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ dárúkọ gbogbo òògùn tí ẹ ń lò fún un, títí kan àgbo.

OHUN TÍ A LÈ ṢE NÍLÉ

Ẹ má ṣe kánjú. Ẹ jókòó dáadáa, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀. Àbọ̀-ìlóṣòó tí a máa ń ṣe nítorí orúnkún tó ń dunni, kì í jẹ́ kí iṣan ìsàlẹ̀ dẹ̀. Bí ilé ìyàgbẹ́ yín bá jẹ́ ti ìlóṣòó, tí orúnkún kò sì gbà, ẹ ní kí káfíńtà kan àga oníhò fún yín. Ẹ má fi agbára tì í jáde.

Bí ó bá ti dáwọ́ dúró, ẹ má tíì lọ. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ dìde dúró, ẹ rìn díẹ̀, kí ẹ tún jókòó, kí ẹ tún gbìyànjú. Ìtọ̀ tó kù á sábà jáde lẹ́ẹ̀kejì yìí. Ní ọ̀sán, ẹ má jẹ́ kí ó kọjá wákàtí 3 tàbí 4 kí ẹ tó lọ tọ̀, bí kò tilẹ̀ gbọ̀n yín. Ẹ máa jẹ ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti ẹ̀wà, kí ìgbẹ́ lè rọ̀.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN SỌ

Ìyá kan wà láyé Ànábì wa, Fatimah ọmọ Abu Hubaysh. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, kò dá. Kò fi ìtìjú bò ó. Ó lọ bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó bi í bóyá kí òun fi ìrun sílẹ̀. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá a lóhùn pé rárá, ó jẹ́ kó mọ̀ pé láti ara iṣan kan ni ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá, kì í ṣe nǹkan oṣù. Ó sì wá nínú Hàdíìsì pé kí ó máa ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ ni tirẹ̀, ìtọ̀ ni tiwa, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ fi ọ̀kan wé èkejì.

Nínú ìlànà Imaamu Maliki tí púpọ̀ nínú wa ń tẹ̀lé, ìtọ̀ tó ń yọ fúnra rẹ̀, tó sì ń bá ènìyàn gbé ìdajì àsìkò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò ba àlùwàlá jẹ́. Ó kàn dára kí ó tún un ṣe fún ìrun kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń yọ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ tún àlùwàlá ṣe. Ẹ fi aṣọ mímọ́ kan pamọ́ fún ìrun. Bí ẹ bá ṣe tán tí ọkàn yín ṣì ń ṣe iyèméjì, ẹ wọ́n omi sí aṣọ náà, kí ẹ gbàgbé rẹ̀. Ṣèyítánì fẹ́ràn iyèméjì. Ẹ má sì fún ìtọ̀ pa nítorí kí rákà má baà bọ́: Ànábì kọ̀ fún wa kí á máa kírun nígbà tí ìtọ̀ bá ń lé wa.

ỌRỌ̀ ÀÀWẸ̀

Ẹ̀yin tí ẹ kì í mu omi nítorí kí ìtọ̀ lè dínkù, ẹ gbọ́ o: ìtọ̀ tó ki máa ń ta àpò ìtọ̀, ìgbẹ́ á sì gbẹ sí i. Láti ìṣínu títí di sààrì, ẹ máa mu omi ní díẹ̀díẹ̀: ife kan nígbà ìṣínu, òmíràn lẹ́yìn oúnjẹ, òmíràn lẹ́yìn àṣámù, òmíràn ní sààrì. Ẹ má gbé e mì papọ̀ nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn. Ẹ dín obì, kọfí àti tíì kù. Ẹni tó ní àìsàn ọkàn tàbí ti kídìnrín, kí ó tẹ̀lé iye omi tí dókítà rẹ̀ sọ. Ẹni tí wọ́n bá sì fún ní òògùn ìpara tàbí oníhóró fún ojú ara, alẹ́ ni kí ó máa lò ó.

Bí dókítà bá sọ pé ààwẹ̀ máa pa yín lára, Suratul Baqarah, ẹsẹ 184 àti 185, ti fi àyè sílẹ̀ fún aláìsàn pé kí ó san án ní ọjọ́ mìíràn. Ẹni tí kò ní lè gbà á mọ́ láé, oúnjẹ tálákà kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni. Ìrọ̀rùn tí Ọlọ́hun fún ni, kò yẹ kí á kọ̀ ọ́.

ÌGBÀ TÍ Ẹ KÒ GBỌDỌ̀ DÚRÓ

Bí ìtọ̀ kò bá jáde rárá, tí ìsàlẹ̀ ikùn wú tó sì ń dun yín, ọsibítù ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má dúró de ìṣínu! Bẹ́ẹ̀ náà ni bí ibà bá bá ẹ̀gbẹ́ dídùn wá, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, tàbí bí ẹsẹ̀ àti abẹ́ bá kú tipiri. Ẹ̀jẹ̀ tó bá sì tún yọ lójú ara lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dúró fún ọdún kan, bó ti wù kó kéré tó, ẹ fi han dókítà. Nǹkan oṣù kò padà wá mọ́, ẹ má tan ara yín.

Ìtọ́jú wà. Wọ́n lè yẹ ìtọ̀ wò, kí wọ́n fi ẹ̀rọ wo iye tó kù nínú lẹ́yìn tí ẹ bá tọ̀ tán. Wọ́n lè fún yín ní òògùn estrogen tí wọ́n ń lò sójú ara. Wọ́n lè fi òrùka rọ́bà kékeré gbé ilé ọmọ tó sọ̀ sókè. Fún àwọn mìíràn, nọ́ọ̀sì á kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ fa ìtọ̀ jáde. Bí ó bá jẹ́ pé obìnrin lẹ fẹ́ kó yẹ̀ yín wò, ẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin bàbá, bí ìyàwó yín bá pẹ́ nílé ìtọ̀, ẹ má pariwo lé e lórí. Ẹ fún un lówó ọkọ̀ àti ti ọsibítù. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má fi òórùn ìtọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ikùn tó gbé yín ni iṣan rẹ̀ dẹ̀. Ẹ̀yin alámòójútó mọ́ṣáláṣí, ẹ jẹ́ kí ilé ìtọ̀ àwọn obìnrin wà nítòsí, kí iná àti omi wà níbẹ̀, kí ẹ sì fi àyè ẹ̀bá ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ fún àwọn ìyá.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ìyá wa ní àlàáfíà, kí Ó gba ìrun àti ààwẹ̀ wa, kí Ó má jẹ́ kí ìtìjú dí wa lọ́wọ́ ìwòsàn. Àmín. Àsàlámù àláékùn wàráhùmọ́túlááhì wàbàràkáátùhù.