Kí Iṣẹ́ Tó Bẹ̀rẹ̀ Ni Kí Á Ti Sọ Ọ́

  

Ọ̀rọ̀ ìjà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ìjà méjì ni. Èkíní jẹ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́. Kò gbà ju abala mẹ́jọ lọ tó fi parí. Èkejì jẹ́ ìjà owó àti àdéhùn. Òun ló sọ iṣẹ́ tí ó yẹ kó tètè parí di iṣẹ́ ọdún 22.

Ìjà ẹ̀ṣẹ́ kò ṣàjèjì sí wa ní agbègbè Ìbàdàn. Àwọn àgbà wa yóò rántí ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní pápá ìṣeré Liberty, èyí tí a ń fi orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè báyìí. Adé àgbáyé ni wọ́n jà fún, ní ìlú Ìbàdàn wa níbí.

Ní ọdún kọkànlá lẹ́yìn èyí ni ìjà tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀. Ìlú Kinshasa ni, ní orílẹ̀-èdè Kóńgò, tí wọ́n ń pè ní Zaire nígbà náà. Muhammad Ali ni yóò kojú George Foreman. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Don King ló ṣètò rẹ̀. Ó ṣèlérí dọ́là mílíọ̀nù márùn-ún fún Ali, ó sì ṣèlérí iye kan náà fún Foreman. Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí ìwé. Ẹ gbọ́ o: nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí i, owó náà kò tíì sí lọ́wọ́ Don King! Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìjọba Ààrẹ Mobutu gbà láti ná owó sí i. Ìlérí tiẹ̀ bọ́ sí i, ó ṣẹ. Kì í ṣe gbogbo ìlérí ló ń rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 1974 ni wọ́n dá fún ìjà náà. Kó tó pé ọjọ́, wọ́n fẹ́ ṣe àríyá orin fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. James Brown ń bọ̀, B.B. King ń bọ̀, Miriam Makeba ń bọ̀. Wọ́n wá bẹ Leon Gast lọ́wẹ̀, ará Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 38, pé kó wá ya gbogbo rẹ̀ sínú sinimá. Àwọn olówó láti Làìbéríà, nítòsí wa níhìn-ín, ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ náà. Ara wọn ni Stephen Tolbert, mínísítà tó ń bójú tó ìṣúná Làìbéríà, àbúrò Ààrẹ ilẹ̀ náà. Èrò wọn ni pé owó tíkẹ́ẹ̀tì àríyá orin ni wọn yóò fi parí sinimá.

Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti wọ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ kí ìjà tó wáyé, Foreman ń gbára dì. Igúnpá ẹni tí wọ́n jọ ń ṣe ìdánrawò kàn án lójú, awọ òkè ojú rẹ̀ sì ya. Wọ́n sún ìjà sí ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá. Ṣùgbọ́n àwọn olórin kò lè dúró fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n ṣe àríyá náà ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Àwọn àlejò olówó tó yẹ kó wá láti òkè òkun kò wá. Nígbẹ̀yìn, wọ́n jẹ́ kí àwọn ará ìlú wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ijó dùn, ilù dùn, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń retí kò wọlé.

Ẹ̀yin òbí mi, ṣé ẹ rí i? Ojú ẹnì kan ló ya, sinimá ẹlòmíràn ló kú. Wọ́n so sinimá mọ́ àríyá, wọ́n so àríyá mọ́ ìjà, ìjà wá dúró lórí ojú Foreman. Adìyẹ bà lókùn: ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Nígbà tí ìjà náà wáyé, Ali na Foreman ní abala kẹjọ, gbogbo ayé sì pariwo. Leon Gast kó fíìmù lọ sílé. Fíìmù náà tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 300,000. Bí a bá nà án sílẹ̀ láti Mónìyà, yóò dé Ọ̀yọ́, yóò sì padà wá sí Mónìyà. Ṣùgbọ́n kò sí owó láti parí rẹ̀. Ní ọdún 1975, Stephen Tolbert kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú. Ta ni Gast yóò tún bá sọ̀rọ̀? Àríyànjiyàn dé: ta ló ni fíìmù yìí? Ṣé ẹni tó fi owó sílẹ̀ ni, àbí ẹni tó ṣe iṣẹ́? Ọ̀rọ̀ di ti lọ́yà, ọdún sì ń gorí ọdún.

Gast kò sọ̀rètí nù. Nígbẹ̀yìn, fíìmù bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ David Sonenberg ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú owó, Taylor Hackford sì bá a tún iṣẹ́ náà tò. Ní ọdún 1996 ni sinimá náà jáde, orúkọ rẹ̀ ni *When We Were Kings*. Ní ọdún 1997, ó gba ẹ̀bùn Oscar, ẹ̀bùn tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ sinimá ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ṣe iṣẹ́ náà ní ẹni ọdún 38 ti di ẹni 60 ọdún kó tó jẹ èrè rẹ̀. Ta ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀?

Bóyá ẹnì kan ń sọ pé, “Kí ló kàn mí nínú sinimá?” Ó kàn ọ́ o. Ká ní ọkùnrin méjì ní abúlé kan fẹ́ jọ ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ẹ̀gẹ́. Ọ̀kan mú ilẹ̀ wá, ó sì san ìdajì owó. Èkejì ní, “Bí mo bá ta kòkó mi, n óo san tèmi.” Òjò pọ̀ lọ́dún náà, kòkó rà lórí igi. Ẹ̀rọ ti dé, oníṣòwò ń béèrè owó rẹ̀. Ta ló jẹ̀bi? Ẹni tó ṣèlérí kò purọ́. Òjò ni kò bá a ṣe àdéhùn. Bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ti di ọ̀tá, àwọn ọmọ wọn kò sì kí ara wọn mọ́.

Lóde òní pàápàá, ọmọ tó bá ní fóònù lè ya ìdíje bọ́ọ̀lù abúlé méjì, kó sì fi pa owó. Kí ó tó yà á ni kí ó ti béèrè ta ló ni àwòrán náà.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ dá òwò pọ̀, ẹ kọ nǹkan márùn-ún sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń bá ara yín rẹ́rìn-ín. Èkíní, kí ni olúkúlùkù yóò mú wá, ọjọ́ wo sì ni? Èkejì, ibo ni owó náà ti ń bọ̀? Ẹ̀kẹta, bí kò bá wá ńkọ́? Ẹ̀kẹrin, bí iṣẹ́ bá dúró lágbede méjì, ọwọ́ ta ni yóò wà? Ẹ̀karùn-ún, bí ọlọ́jọ́ bá dé bá ọ̀kan nínú yín, ta ni yóò dúró nípò rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ó kà á sókè, kí ẹlẹ́rìí méjì gbọ́, kí olúkúlùkù sì mú ẹ̀dà kan. Ẹ má sọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi ni, ojú ń tì mí.” Ojú tó ń tì yín lónìí sàn ju ojú tí yóò tì yín ní kóòtù lọ.

Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ tí sinimá náà gba ẹ̀bùn. Ali àti Foreman wà níbẹ̀. Àìsàn ti mú ara Ali, ó ń gbọ̀n, kò lè yára gun àtẹ̀gùn. Foreman, ẹni tí Ali lù bolẹ̀ ní Kinshasa, ló dì í mú tí wọ́n fi jọ gòkè.

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Àwọn méjì yìí ti ibi ìjà dé, wọ́n sì ṣọ̀rẹ́. Kí ló dé? Kí wọ́n tó kan ẹ̀ṣẹ́ àkọ́kọ́, wọ́n ti mọ iye abala tí wọn yóò jà, wọ́n ti mọ ẹni tí yóò là wọ́n, wọ́n sì ti mọ iye tí olúkúlùkù yóò gbà. Nígbà tí ìjà parí, wọn kò ní láti tún bá ara wọn jà lórí owó.