Lẹ́nu Àwọn Onífíìmù: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Kó Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Jọ

 

Olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn yìí, nítorí náà a ò ní pẹ́ lórí ìtumọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ “ìdílé ọ̀rọ̀”, ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú àwọn tó jáde lára rẹ̀ ni: “act”, “actor”, “action”. Fíìmù tí wọ́n dárúkọ fún àmì-ẹ̀yẹ kò tíì gbà á. Ó wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ mú ẹyọ kan nínú wọn ni. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wá sọ kò pọ̀. Ọmọ tó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kún ẹnu òun, kó yan fíìmù kan ṣoṣo tí wọ́n dárúkọ fún àmì-ẹ̀yẹ, kó wò ó dáadáa, kó wá tẹ́tí sí gbogbo ibi tí olùdarí rẹ̀ bá ti jókòó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án tí wọ́n ti ń ṣàfihàn fíìmù ní Venice àti Toronto títí wọ́n á fi pín Oscar lọ́dún kejì, ìbéèrè kan náà ni àwọn oníròyìn máa ń bi olùdarí láti ìlú dé ìlú. Á yí ìdáhùn rẹ̀ padà díẹ̀, àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kì í yí padà. Onímọ̀ èdè kan, Stuart Webb, ṣe ìwádìí lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Japan, ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2007: bí wọ́n ṣe ń pàdé ọ̀rọ̀ tuntun léraléra ni wọ́n ń mọ̀ ọ́n sí i, kódà ìgbà 10 lè má tó kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n tán. Ibo ni ọmọ ti fẹ́ pàdé ọ̀rọ̀ kan nígbà 10 nínú ìwé kíláàsì?

Ibi tí àríyànjiyàn àtijọ́ ti wọlé nìyí. Láti ìgbà tí Stephen Krashen, onímọ̀ èdè ará Amẹ́ríkà, ti gbé ìwé rẹ̀ jáde ní 1982, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣáà ń gbọ́ èdè tó yé e, èdè náà á wọlé fúnra rẹ̀. Òun náà ló sọ pé kí èèyàn dúró lórí kókó kan tàbí òǹkọ̀wé kan fúngbà pípẹ́, dípò kó máa fò láti ibí dé ọ̀hún. Ó gbà á níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà gún régé. Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fún ẹnu akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ kankan. Onímọ̀ èdè mìíràn, Merrill Swain, rí àwọn ọmọ Kánádà tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé kọ́ wọn láti kékeré: wọ́n gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá la ẹnu, àṣìṣe kún un. Ó kọ ọ́ ní 1985 pé àfi kí wọ́n máa sọ ọ́. Swain ló jàre.

Àwọn tó wà ní òdìkejì Krashen ló burú jù, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọ ogún ọ̀rọ̀ láti inú díṣọ́nárì sójú pátákó láàárọ̀ Mọ́ńdè, tí wọ́n á ní kí ọmọ há a sórí kó tó di Fúráìdè, tí pàṣán á sì wà lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ojú, tí kò ní ìtàn, tí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ rí létí ọmọ náà! Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dákun, ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí tó sì sọ Yorùbá di èèwọ̀ nínú ilé kí Gẹ̀ẹ́sì ọmọ lè dára, ẹ wo iṣẹ́ tí Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970: àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí gbígbọ́ ọ̀rọ̀ léraléra. Ní Ìbàdàn tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí gbé dàgbà, asọ̀rọ̀mágbèsì wà lára ògiri pálọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń túmọ̀ ìròyìn fún ọmọdé. Síbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ ní alaalẹ́, “budget” àti “motion” yé ọmọ kí olùkọ́ tó dé orí wọn.

Ẹ wá jẹ́ ká mú Bong Joon-ho, olùdarí fíìmù ọmọ Kòríà Gúúsù, nítorí kò sí àpẹẹrẹ tó tó o. Fíìmù rẹ̀, Parasite, gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Cannes ní May 2019. Wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar mẹ́fà. Ní 9 February 2020 ó gba mẹ́rin, títí kan ti fíìmù tó dára jù lọ, èyí tí fíìmù tí kì í ṣe ti èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gbà rí. Láàárín àwọn oṣù wọ̀nyẹn, kò sí ibi tí wọn ò ti bi í ní ìbéèrè. Bong gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì máa ń sọ ọ́ níwọ̀nba, àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ti jinlẹ̀, á bọ́ sínú èdè rẹ̀. Sharon Choi, ògbufọ̀ rẹ̀, á máa kọ ọ́ sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni á wá gbé e kalẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara.

Àlàfo tó wà láàárín ọ̀rọ̀ Bong àti ti Choi yẹn gan-an ló wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí Bong ṣe ń sọ tirẹ̀, ọmọ ń wo ọwọ́ rẹ̀ tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, ó mọ̀ pé àtẹ̀gùn ilé ló ń júwe. Kí Choi tó dé orí “stairs” àti “semi-basement”, etí ọmọ ti ń retí wọn. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ kékeré bíi “set”. Ọmọ mọ̀ ọ́n nínú ìṣirò; ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n nídìí àwo tó fẹ́ rà. Bong ṣàlàyé pé ńṣe ni wọ́n kọ́ àdúgbò àwọn tálákà inú fíìmù náà sínú àgbá omi ràgàjì kan, kí wọ́n lè fi omi kún un fún àgbàrá òjò tó wà nínú ìtàn. Ọmọ tó ti rí ọ̀dọ́bìnrin tó jókòó lé ìdérí ṣáláńgá, tí omi dúdú ń tú jáde lábẹ́ rẹ̀, tó wá gbọ́ pé lórí “set” ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò nílò díṣọ́nárì mọ́.

Àwọn kan máa ń jiyàn pé Gẹ̀ẹ́sì Choi nìyẹn, kì í ṣe ti Bong. Kí ló burú níbẹ̀? Ọmọ Kòríà ni Choi, ó kàwé nípa fíìmù ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹni tó kọ́ èdè kó tó gbọ́ ọ ni akẹ́kọ̀ọ́ yẹ kó máa fara wé.

Àkókò ti ń lọ. Àwọn kan á béèrè pé ṣé fíìmù fúnra rẹ̀ kò tó ni. Webb àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Rodgers, yẹ ọ̀rọ̀ inú fíìmù 318 wò ní 2009: ìdílé ọ̀rọ̀ 3,000 ló lè jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ìdá 95 nínú 100. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò tíì débẹ̀, àwọn òṣèré kì í sì í dúró ṣàlàyé. Olùdarí ni wọ́n máa ń ní kó ṣàlàyé.

Ti àwọn olùdarí tiwa ńkọ́? Akínọlá Davies wà ńlẹ̀: wọ́n dárúkọ Lizard, fíìmù kúkúrú rẹ̀, fún BAFTA ní 2021. My Father's Shadow, tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Wálé jọ kọ, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó wọ ètò àṣàyàn Cannes, ní 2025. Ìlú Èkó ní June 1993, lásìkò rògbòdìyàn ìdìbò ààrẹ, ni ìtàn náà ti wáyé, àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ yín rántí ìgbà yẹn dáadáa.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó mú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́ta lórí fíìmù kan. Kí wọ́n gbọ́ ti àkọ́kọ́ láìkọ nǹkan kan. Kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ tó bá tún padà jáde nínú èkejì. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, kí ọmọ kan ṣe olùdarí, kí èkejì ṣe oníròyìn, kí wọ́n bára wọn sọ ọ́. Ogójì ìṣẹ́jú tó. Ẹ jẹ́ ká gba ìbéèrè.