Ìròyìn Tí Ń Gba Ẹ̀mí Là Lásìkò Àjálù

 

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan babaláwo nínú ọ̀rọ̀ fóònù àti ojú òpó ayélujára. Ó kàn wá. Ọmọ awo tó bá ń ki Ifá níwájú àgbà, tó fi ọ̀rọ̀ kan kún un, wọn yóò dá a dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ń fi ìròyìn àjálù ṣọwọ́ kò ní àgbà tí yóò dá a dúró.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì ní Haiti, ilẹ̀ àwọn tí kò gbàgbé Ògún, tí wọ́n ń pè é ní Ogou. Ilé wó lu ènìyàn mọ́lẹ̀. Láìpẹ́, a ṣí nọ́ńbà kan, 4636, tí aláìní lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí lọ́fẹ̀ẹ́. Èdè Kreyòl ni púpọ̀ nínú wọn fi kọ ọ́, ọ̀pọ̀ adóòlà ẹ̀mí tó ti òkè òkun wá kò sì gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ Haiti tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ló jókòó ti íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń túmọ̀ rẹ̀, tí wọ́n sì ń tọ́ka àdúgbò tí onítọ̀hún wà, kí a lè fi í sórí máàpù Ushahidi, ètò tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kenya ní 2008. Àdúgbò mìíràn kò sí nínú máàpù rárá. Ẹni tó mọ ibẹ̀ ló lè júwe rẹ̀.

Ẹ wo òdì kejì. Nígbà tí ìjì Harvey kó omi bo Houston ní 2017, àwòrán ẹja apanijẹ kan tí ń lúwẹ̀ẹ́ lójú títì gba orí ayélujára. Irọ́ ni. Ìyẹn ṣì pani lẹ́rìn-ín. Àwòrán omíyalé àtijọ́ tí a gbé jáde bíi tòní kò pani lẹ́rìn-ín: ó lè darí ọkọ̀ síbi tí omi kò dé, kí ẹni tó wà lórí òrùlé máa wo ọ̀nà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ìbàdàn mọ omi. Odò Ògùnpa ya wọ ilé ní oṣù Kẹjọ 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ 2011, àgbàrá tún gba ẹ̀mí tó lé ní 100. Bí irú rẹ̀ bá tún fẹ́ ṣẹlẹ̀, ẹ kọ orúkọ àdúgbò, afárá tó sún mọ́ ọn, wákàtí tí ẹ fojú ara yín rí i, àti iye ènìyàn tó há síbẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbà wọ́n là, ẹ padà lọ kọ ìyẹn náà, kí ọkọ̀ lè yà síbòmíràn.