Ọkọ̀ Tí Ó Tẹ̀ Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níwájú Ẹgbẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò gùn, ṣùgbọ́n ó kan àpò wa, ó sì kan ẹ̀mí ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Peugeot ní Kàdúná ní 1975, sípíríǹgì irin ni ó gbé wọn dúró. Ojú lásán sì tó láti rí èyí tí ó ṣẹ́. Lónìí, àwọn kan nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ńláńlá tí à ń rà, bí Range Rover àti Mercedes, orí àpò rọ́bà tí ó kún fún afẹ́fẹ́ ni wọ́n jókòó lé. Lẹ́bàá ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni sẹ́ńsọ̀ wà, ohun kékeré tí ọ̀pá tínrín so mọ́ irin tí ó di táyà mú. Òun ni ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ọkọ̀ ṣe ga tó. Kọ̀ǹpútà a sì pàṣẹ kí afẹ́fẹ́ wọlé tàbí kí ó jáde. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Sẹ́ńsọ̀ yìí ni ojú ọkọ̀. Bí ojú bá ń purọ́, ara kò lè dúró ṣinṣin.

Bí iná ìkìlọ̀ bá tàn níwájú awakọ̀, tí ọkọ̀ sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹlòmíràn a sáré ra pọ́ǹpù afẹ́fẹ́ tuntun. Ẹlòmíràn a tú gbogbo rẹ̀ dànù, a sì fi sípíríǹgì irin rọ́pò. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wádìí.

Èkíní, kí a gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ títẹ́jú. Ìlú òkè àti òkúta ni tiwa. Ọkọ̀ tí a bá yẹ̀ wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò tàn wá jẹ. Kí a fi téèpù wọn gíga rẹ̀ ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Èkejì, kí a fi ẹ̀rọ tí ń ka àṣìṣe kọ̀ǹpútà wò ó. Ẹ rántí pé ilé ni ẹ̀rọ yìí ń júwe, kì í júwe olè.

Ẹ̀kẹta, kí a wo ọ̀pá tínrín náà bóyá ó ti já tàbí ó ti tẹ̀, kí a wo ojú ibi tí wáyà ti so mọ́ sẹ́ńsọ̀ bóyá omi tàbí ìpẹtà ti wọ ibẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, kí a fi mítà wọn iná. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, fóòtì 5 ni ó ń wọ sẹ́ńsọ̀. Bí kò bá dé ibẹ̀, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ ni ó jẹ̀bi. Bí ó bá dé, kí a rọra gbé apá sẹ́ńsọ̀ sókè sódò: iye tí ó ń fi jíṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ń fò tàbí tí ó dúró gbọin, ó ti kú.

Ẹ̀karùn-ún, kí a da omi ọṣẹ sí àpò rọ́bà àti okùn afẹ́fẹ́. Bí ó bá ń hó, afẹ́fẹ́ ni ó ń jò; jíjò yìí ni ó sì ń mú kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ láìsinmi títí yóò fi jóná.

Bí a bá fi sẹ́ńsọ̀ tuntun sí i, kí a fi gíga tí ó tọ́ han kọ̀ǹpútà. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lè tún tẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rá wọ abẹ́ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ tàbí jáàkì nìkan gbé dúró. Afẹ́fẹ́ lè jáde nígbàkúgbà, kí ọkọ̀ sì balẹ̀ lé ènìyàn lórí. Irin tí ó lágbára ni kí a gbé sábẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ pé kí a ra ẹ̀rọ akàṣìṣe kan àti mítà díẹ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì wa, láti Láfẹ́ńwá dé Ọbáńtokò, kí a sì pe ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wá kọ́ wọn. Ọwọ́ wọn ti mọ iṣẹ́. Ìmọ̀ tuntun ni kí a fi kún un. Owó tí à ń fi ra ohun tí kò bàjẹ́ yóò wà nílé, ẹ̀mí àwọn ọmọ wa yóò sì gùn.

Kí Ọlọ́run pa ẹsẹ̀ gbogbo wa mọ́ lójú pópó.