Aránṣọ Rere fún Ọmọ Yorùbá tí ń Gbé Ìdálẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní Kétu)

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí wa pé kí a wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí yóò kan àwọn ọmọ wa tí ń bẹ ní ìdálẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ ìwé kíkà tàbí ọ̀rọ̀ òṣèlú ni ó wà ní ọkàn rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ rírán ni a mú wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ìlú òyìnbó rí, tí ó ní ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà tí yóò lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí kò sì mọ aránṣọ kan ṣoṣo tí ó lè fi ara rẹ̀ lé lọ́wọ́, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ẹ wo Kòsọ́fẹ́ wa yìí. Ní Máìlì 12, gbogbo ayé mọ̀ pé ata, tòmátò àti àlùbọ́sà tí ń ti Òkè Ọya wá ni a ń tà. Ní Kétu níhìn-ín, èso ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá yà kúrò ní ojú títì, tí ó wọ inú àdúgbò Ìkòsì tàbí Alápẹ̀rẹ̀ lọ, ìró máṣíìnì ìránṣọ ni yóò máa gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, ti jẹnẹrétọ̀ yóò sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Láti inú irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ti ń wọ inú àpótí arìnrìn-àjò lọ sí Peckham, sí Houston àti sí Toronto. (Etí tiwa a máa gbọ́ “kò sí ọ̀fẹ́” nínú orúkọ Kòsọ́fẹ́, àwọn aránṣọ ibẹ̀ kò sì jẹ́ kí orúkọ náà ṣì wá lọ́nà.)

Ìṣòro yìí kì í ṣe ti òní. Àwọn baba wa tí wọ́n ti re òkè òkun ṣáájú wa bá a pàdé, olúkúlùkù sì dá a lóhùn bí ó ti rí i. Mojola Agbebi, ẹni tí a ti ń pè ní David Brown Vincent tẹ́lẹ̀, pa orúkọ òyìnbó rẹ̀ tì ní 1894, ó sì pa kóòtù òyìnbó tì pẹ̀lú. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó ń wọ̀, àní ní ìlú òyìnbó pàápàá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò aránṣọ London. Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin àti ìṣègùn tí Ladipo Solanke kó jọ sínú ẹgbẹ́ WASU ní London ní 1925, kóòtù ni ilé ẹjọ́ àti ilé ìwòsàn ń bi wọ́n léèrè. Òtútù kò sì mọ ẹni tí ó fẹ́ràn àṣà baba rẹ̀.

Ẹnìkan tún wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Ìyá wa Shade Thomas-Fahm kúrò nílé lọ sí London ní 1953 láti kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó dé ọ̀hún, aṣọ ni ọkàn rẹ̀ fà sí, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà ní Saint Martin’s. Ó padà sí Èkó ní 1960, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun ni ó fi síìpù sí ìró, kí obìnrin tí ń sáré lọ sí ọ́fíìsì má baà máa tún un ró lójú ọ̀nà. Òun náà ni ó gbé gèlè tí a ti wé sílẹ̀ jáde. Nígbà tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní London ṣe àfihàn aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022, iṣẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú òyìnbó ni ó ti kọ́ gígé aṣọ, ṣùgbọ́n ara obìnrin Èkó ni ó gé e fún. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ara ẹni tí a ń gé aṣọ fún ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní dá lé.

Ẹlòmíràn lè wí pé, ẹni tí ó wà ní London, kí ni ó ń wá aránṣọ ní Kétu sí? Òótọ́ ni pé òpópónà kan wà níbẹ̀ tí a ń pè ní Savile Row, tí orúkọ rẹ̀ kàn ká gbogbo ayé nítorí kóòtù. Ilé Henry Poole bẹ̀rẹ̀ sí í ránṣọ níbẹ̀ ní 1846. Ozwald Boateng, ọmọ tí àwọn òbí ará Gánà bí sí London, ṣí ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpópónà náà ní 1995, ó sì fi hàn pé ọmọ ènìyàn dúdú lè gé kóòtù kí àwọn ọlọ́lá òyìnbó tò wá. Àwọn aránṣọ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2004, òfin wọn sì ni pé iṣẹ́ ọwọ́ tí yóò wọ inú súùtù kan kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 50. Ẹ lè ṣírò ohun tí wákàtí 50 ń jẹ́ ní owó London: ẹgbẹẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni. Ọmọ wa tí ń tọ́jú aláìsàn ní òru, tí ń san owó ilé, tí ń fi owó ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, kò lè dé ibẹ̀. Èyí tí ó bá rà ní ọjà, a ti gé e fún ara tí kì í ṣe tirẹ̀: àyà lè bá a mu kí apá gùn jù, ìbàdí lè bá a mu kí itan há. Nítorí náà ni ó ṣe ń ránṣẹ́ sílé.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, a ó sì fẹ́ kí ẹ fi sùúrù bá wa gbé e yẹ̀ wò. Agbádá jẹ́ aṣọ aláàánú. Bí ó bá fẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ ní ìwọ̀n ọwọ́ méjì, a ó ká a lé èjìká, ẹni tí ó wọ̀ ọ́ yóò tilẹ̀ dà bí ẹni tí ó lówó sí i. Bùbá pẹ̀lú a máa gbà fún ni. Kóòtù kì í dárí jì. Láti èjìká ni ó ti so rọ̀, bí ìránṣọ èjìká bá fi ìka kan ré kọjá ibi tí egungun pin sí, apá yóò hunjọ, ọrùn aṣọ yóò yà kúrò lára ọrùn ènìyàn, iwájú yóò sì là bí ilẹ̀kùn tí ìdè rẹ̀ ti tú. Kò sì sí ẹni tí èjìká rẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ẹni tí ó ti ń gbé àpò ìwé láti kékeré, ọ̀kan ti relẹ̀. Ẹni tí ń tẹ̀ síwájú nígbà tí ó bá dúró, ẹ̀yìn kóòtù rẹ̀ gbọ́dọ̀ gùn ju iwájú lọ. Aránṣọ tí ó dúró tì ọ́ yóò rí i kí tépù tó kúrò ní ọrùn rẹ̀. Aránṣọ tí ó wà ní Kétu nígbà tí ìwọ wà ní London, kí ni yóò rí bí kò ṣe nọ́ńbà?

Èyí kì í ṣe ohun tí a kà nínú ìwé. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa. Nígbà tí a ń gbé London, àbúrò wa obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nílé, àwa ni a ó sì fà á lé ọkọ lọ́wọ́ ní ilé ìsìn. Oṣù Kejì ni, òtútù mú gan-an, àwa àti ẹni tí a jọ ń gbé ilé sì ti pa ẹ̀rọ tí ń mú ilé gbóná nítorí owó iná. Ọ̀rẹ́ wa yìí ni ó fi tépù wọ̀n wá, pẹ̀lú súwẹ́tà méjì ní ọrùn wa. A fi nọ́ńbà ránṣẹ́ lórí fóònù sí aránṣọ kan ní Ìkòsì tí ẹnìkan júwe fún wa. A san ìdajì owó. Nígbà tí aṣọ dé láti ọwọ́ arìnrìn-àjò, a wọ̀ ọ́ síwájú dígí, ojú tì wá fún ara wa. Èjìká ṣubú, apá bo ìka ọwọ́, àyà ṣófo bí àpò gàrí tí a ti dà.

Ẹ̀yin àgbà, ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà ni a kò fẹ́ràn láti rántí. A kọ ọ̀rọ̀ kòbákùngbé sí ọkùnrin náà. A di ìdajì owó tí ó kù mú. A wí fún gbogbo ẹni tí a mọ̀ ní London pé kí wọ́n má ṣe súnmọ́ ọn. Aṣọ tí a rà ní ọjà ni a sì wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò wa.

Ní ọdún kejì tí a tún wálé, ẹ̀gbọ́n wa kan fi agbára mú wa lọ bá a. Kò jà. Ó mú ìwé kan jáde, ó ṣí i sí ojú ewé orúkọ wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ka nọ́ńbà tí ẹ fi ránṣẹ́.” A kà á: àyà, íǹsì 44. Ó ní kí a bọ́ àwọ̀tẹ́lẹ̀ kù, ó wọ̀n wá níwájú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀: íǹsì 41. Apá tí ọ̀rẹ́ wa wọ̀n láti ìdí ọrùn, láti orí egungun èjìká ni a í ti í wọ̀n ọn. Ọkùnrin náà rán ohun tí a ní kí ó rán, kò sì fi àbẹ̀wẹ̀ kan ṣẹ̀ wá. A san owó rẹ̀ ní ọjọ́ náà, a sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ti bà á jẹ́ létí wọn ńkọ́? Àwọn kan ti kó lọ sí Kánádà. Àwa kò rí wọn mọ́ títí di òní.

Ó tú kóòtù náà lójú wa, nítorí ó ti fi aṣọ sílẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú gbogbo ìránṣọ rẹ̀. Nígbà tí a padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ó fi òwú funfun so ó pọ̀ lásán, kò tíì fi aṣọ inú sí i, ó ní kí a wọ̀ ọ́ kí a sì rìn. Ó fi ẹfun sàmì sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó di aṣọ.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi í ní ìbéèrè, ohun tí a sì kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a fẹ́ kí ẹ bá wa kọ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín. Ó ní kí ẹni tí ó wà lókè òkun má fi nọ́ńbà nìkan ránṣẹ́; bí ó bá ní kóòtù ògbólógbòó kan tí ó bá a lára mu, èyí ni kí ó fi rán arìnrìn-àjò, nítorí kóòtù kì í purọ́ bí tépù. Bí kò bá ní, kí ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, kí ó dúró bí ó ti máa ń dúró, kí ó má fa ikùn mọ́ra, kí aránṣọ tòsí wọ̀n ọ́n, kí ó sì fi àwòrán iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti ẹ̀yìn kún un. Tépù ní ojú méjì: ẹnìkan ní Jámánì fi ti sẹ̀ǹtímítà ránṣẹ́ láìsọ, díẹ̀ ni ó kù kí a rán ṣòkòtò tí ènìyàn méjì lè wọ̀. Kí ó sọ ibi tí yóò ti wọ aṣọ náà, nítorí aṣọ irun àgùntàn tí ó tó fún òtútù London yóò pa ènìyàn sí Èkó. Kí ó ní kí a fi àṣẹ́kù sí inú ìránṣọ. Kí ó má sì ṣe ránṣẹ́ ní oṣù Kejìlá, nígbà tí gbogbo ìlú ń rán aṣọ ẹbí.

Ní ti yíyan aránṣọ, òwe wa ti wí pé ẹni tí yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à ń wò. Ẹ máa wo inú aṣọ ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Àwọn kan a máa fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ líle mọ́ inú àyà kóòtù. Ó yá, owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fọ̀ ọ́ díẹ̀ ó lè wú bí ara ẹni tí iná jó. Èyí tí a fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ ọn pẹ́ kí ó tó tán, ó sì ń bá ara ẹni rìn. Ẹ wò ó bóyá ìlà aṣọ bá ara wọn pàdé ní ẹnu àpò. Ẹni tí ó bá kọ̀ láti fi iṣẹ́ tí kò tíì parí hàn yín, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ohun tí ó ń kó ìdààmú bá ọkùnrin yìí kì í ṣe oníbàárà. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni ó ní, kò sí ọ̀kan tí ó fẹ́ kọ́ kóòtù. Bùbá àti ṣòkòtò ańkárá ni wọ́n fẹ́, nítorí owó aṣọ ẹbí ń yá; wọ́n ní kóòtù gba ọdún púpọ̀, òkìrìkà sì ń ta ti òyìnbó ní owó tí kò tó nǹkan. A kò lè bá wọn jà. Òun nìkan ni ó ń gé kóòtù ní ṣọ́ọ̀bù náà, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. Bí ẹgbẹ́ yìí bá lè san owó ọdún kan fún ọmọ iṣẹ́ kan ṣoṣo tí yóò jókòó tì í, àwa yóò fi tiwa kún un lónìí kí a tó dìde.

Ó wà níhìn-ín, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún, tépù rẹ̀ sì wà ní ọrùn rẹ̀. Kóòtù tí a wọ̀ wá yìí náà ni èyí tí ó tú. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń bọ̀ nílé ní ìparí ọdún, ẹ tètè lọ bá a, nítorí ó ti ní kì í gba iṣẹ́ mọ́ bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé.