Kámẹ́rà Tó Ń Ṣọ́lé, Tó Tún Ń Jẹ Dátà



Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ṣómólú àti Bàrígà ló ti so kámẹ́rà mọ́lé nítorí olè. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n bi yín: látìgbà náà, ṣé fáìlì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sáwọn atẹ̀wé Ṣómólú kì í fà bí ìgbín? Ṣé ohùn ọmọ yín tó wà lókè òkun kì í já lórí fóònù?

Kámẹ́rà kì í sinmi. Bó bá ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ní 2 Mbps péré, dátà tó máa jẹ lójúmọ́ lé ní 21 GB. Mẹ́rin ńkọ́? Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀nà tí dátà ń gbà jáde nílé sábà máa ń há ju èyí tó ń gbà wọlé lọ.

Ẹ má yọ kámẹ́rà o. Ẹ fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ nínú ilé. Kò ní jẹ dátà àfi tí ẹ bá ń wò ó láti ìta. Ẹ tọ́jú ẹ̀rọ náà síbi tí ojú olè ò tó. Bó bá gbé e, ó gbé ẹ̀rí lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ Wi-Fi ni kámẹ́rà ń lò, ẹ ṣètò rẹ̀ kó máa ránṣẹ́ kìkì nígbà tí nǹkan bá kọjá níwájú rẹ̀.

Ilé là ń ṣọ́. Ẹ má jẹ́ kí olùṣọ́ jẹ oúnjẹ onílé tán.