Ta Ló Ṣiṣẹ́, Ta Ló Gba Orúkọ?

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka wa bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ní Awoyaya)

  

Ẹ má bínú, a kò ní sọ̀rọ̀ owó oṣù lónìí. Ọ̀rọ̀ orúkọ la fẹ́ sọ: orúkọ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń kọ sí orí ìwé ìwádìí wọn. Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kan awakọ̀ nínú ìwé ọ̀jọ̀gbọ́n?" Ó kàn wá. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn olùṣèwádìí kan wá sí gáréèjì wa. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ìjókòó pípẹ́ nínú ọkọ̀ ń ṣe sí ẹ̀yìn àti ẹ̀jẹ̀ awakọ̀. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ wọn, nítorí kì í ṣe ìjà la wá jà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìbéèrè wọn. Àwọn awakọ̀ kò dá wọn lóhùn. Wọ́n rò pé agbowó orí ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wa ló pa iṣẹ́ tirẹ̀ tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tó ń mú wọn kiri. Òun ló sọ ìbéèrè náà di Yorùbá tí ènìyàn lè dáhùn. Ìwé wọn ń béèrè bóyá awakọ̀ ní ìnira ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn. Òun ló ní kí wọ́n bi í pé, "Bàbá, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lálẹ́, ṣé ẹ máa ń lè nàró lẹ́ẹ̀kan náà?" Ìgbà yẹn ni ìdáhùn tó jáde.

Nígbà tí ìwé náà jáde, ọmọ rẹ̀ rí i lórí fóònù. Orúkọ márùn-ún ló wà lórí rẹ̀. A mọ mẹ́ta. Àwọn méjì yòókù, a kò rí wọn ní Awoyaya títí iṣẹ́ fi parí. Orúkọ ẹni tiwa kò sí lókè, kò sí nísàlẹ̀, kò sí níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́ pàápàá. Ohun tí wọ́n sì rí nípa ẹ̀yìn wa, wọn kò padà wá sọ ọ́ fún wa.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Fún àwa, sílíìpù owó oṣù ni ẹ̀rí iṣẹ́. Fún wọn, orúkọ orí ìwé ni. Òun ni wọ́n ń kà kí wọ́n tó gba ìgbéga, òun ni wọ́n fi ń tọrọ owó ìwádìí, òun ni wọ́n fi ń di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, bí ẹni tí a kò san owó fún ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ní Èkó. Ní àwọn ọdún 1920, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà dá ilé àyẹ̀wò kan sílẹ̀ ní Yábàá láti wádìí ibà pọ́njú. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1927, Dókítà Mahaffy tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára ọkùnrin kan ní Kpeve, ní Gold Coast tí a ń pè ní Ghana báyìí. Asibi ni orúkọ ọkùnrin náà, ọmọ ọdún 28 ni, ibà náà sì ń ṣe é lọ́wọ́. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà sí ara ọ̀bọ kan. Ọ̀bọ kú, Asibi yè. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ẹranko tí wọ́n lè fi wádìí àrùn náà dáadáa.

Ìwé ìwádìí náà jáde ní ọdún 1928. Orúkọ mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀: Stokes, Bauer, Hudson. Adrian Stokes tó jẹ́ àkọ́kọ́ ti kú kí ìwé tó jáde. Ibà náà gan-an ló pa á ní Èkó, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1927. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé òun kò ṣiṣẹ́ fún orúkọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n Mahaffy tó gba ẹ̀jẹ̀ kò sí lára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Asibi tó ni ẹ̀jẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Kòkòrò tó ti ara Asibi wá ni Max Theiler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York fi ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń pè ní 17D, ní àwọn ọdún 1930. Theiler gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1951. Abẹ́rẹ́ náà ni wọ́n ṣì ń gún fún wa dòní. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi káàdì yẹ́lò kọjá ní Sẹ̀mẹ̀, ará Kpeve yẹn ni ẹ gbé lọ́wọ́. Àwọn onímọ̀ sì ń pe kòkòrò náà ní Asibi títí di òní. Ẹ wò ó: orúkọ rẹ̀ wà lára àrùn, kò sí lórí ìwé.

A kò ní purọ́ fún ara wa. Asibi kò kọ ìwé, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣe ìwádìí. A kò sọ pé kí wọ́n pè é ní òǹkọ̀wé. Ohun tí à ń sọ ni pé láàárín òǹkọ̀wé àti ẹni tí a kò mọ̀ rárá, àyè pọ̀ níbẹ̀ tí a lè fi ènìyàn sí.

Ẹ jẹ́ kí a mú èkejì, èyí tó dára díẹ̀. Alàgbà Ogunyale jẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, òjíṣẹ́ Ọlọ́run sì ni. Ó ní àgbo fún àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ìyeré wà nínú rẹ̀, kànáfùrù wà níbẹ̀, igi osùn àti ewé ọkà bàbà náà wà níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é han ilé ìwádìí oògùn ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, wọ́n sì bá a ṣe àdéhùn. Wọ́n sọ oògùn náà ní NIPRISAN. Ní ọdún 2001, ìwé jáde lórí bí wọ́n ṣe dán an wò lára àwọn aláìsàn. Orúkọ 17 ló wà lórí ìwé yẹn. Charles Wambebe, ọ̀gá ilé ìwádìí náà, ni àkọ́kọ́. Ẹni kẹtàdínlógún ni Ogunyale.

Ó yẹ kí a pàtẹ́wọ́ fún wọn, nítorí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ó ti díjú. Nínú ìwé ìṣègùn, ẹni ìkẹyìn sábà máa ń jẹ́ ọ̀gá tó ni iṣẹ́. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣirò, A, B, D ni wọ́n sábà fi ń to orúkọ. Ní ibòmíràn, ẹni tó ṣe kékeré ni wọ́n ń fi sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tó bá rí Ogunyale ní ìparí kò lè mọ̀ bóyá òun ni orísun tàbí òun ni ìrù. Orúkọ wà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí orúkọ ṣe kò hàn.

Kí ni wọ́n wá ń fi orúkọ náà ṣe? Wọ́n ń kà á bí kọ̀ńdọ́ ṣe ń ka tíríìpù. Ní ọdún 2005, Jorge Hirsch, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, gbé òṣùwọ̀n kan jáde. Bí o bá ní ìwé mẹ́wàá tí àwọn ẹlòmíràn ti tọ́ka sí, ó kéré tán, ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá-mẹ́wàá, mẹ́wàá ni òṣùwọ̀n rẹ. Ó rọrùn láti kà, ó sì tàn káyé. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n yẹn kò béèrè iye ènìyàn tó gbé ẹrù náà. Bí ènìyàn 17 bá kọ ìwé kan, ìwé kan odidi ni wọ́n ń kà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 2015, àwọn tó ń wádìí ohun tó kéré jùlọ nínú ayé, ní CERN ní Switzerland, gbé ìwé kan jáde tó ní òǹkọ̀wé 5,154. Ojú ìwé 33 ni gbogbo rẹ̀, orúkọ nìkan sì gba 24 nínú wọn. Alágbàrù wo ni yóò gbé àpò kan pẹ̀lú ènìyàn 17, tí kálukú yóò sì gba owó odidi àpò?

Ìdí nìyí tí orúkọ fi di ọjà. Ní ilé iṣẹ́ wa, bí o bá bá ọ̀rẹ́ rẹ tí kò wá síṣẹ́ tẹ káàdì lẹ́nu ọ̀nà, wọn yóò lé ẹ̀yin méjèèjì. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹlòmíràn ń tẹ káàdì fún ọ̀gá rẹ̀ lórí ìwé tí ọ̀gá kò kà. Ní Nàìjíríà, a mọ òṣìṣẹ́ iwin: orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé owó oṣù, òun fúnra rẹ̀ kò sí. Àwọn onímọ̀ ní òǹkọ̀wé iwin: òun wà, ó ṣiṣẹ́, orúkọ rẹ̀ ni kò sí. Irú iwin kejì yìí ni ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Àwọn onímọ̀ pàápàá mọ̀ pé nǹkan kò dára. Àwọn olótùú ìwé ìṣègùn tí wọ́n kọ́kọ́ péjọ ní Vancouver ní ọdún 1978 ti gbé òfin kalẹ̀. Láti ọdún 2013, ohun mẹ́rin ni òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ ṣe: kí ó kó ipa gidi nínú èrò iṣẹ́ náà, tàbí nínú kíkó ìdáhùn jọ àti títúmọ̀ rẹ̀, kí ó bá wọn kọ ọ́ tàbí kí ó tún un ṣe, kí ó fọwọ́ sí i kó tó jáde, kí ó sì gbà láti jíhìn fún un. Ẹ̀yin awakọ̀ yóò tètè mọ ti ìkẹrin. Ẹni tó bá fọwọ́ sí wébìlì ni wọn yóò mú bí ẹrù bá dín. Orúkọ kì í ṣe oyè nìkan, ẹrù ni.

Ṣùgbọ́n òfin náà sọ ohun kan tí wọn kì í ka sí: ẹni tó bá ti ṣe ti àkọ́kọ́, ó yẹ kí wọ́n fún un láàyè láti ṣe ìyókù. Wọn kò gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kí wọ́n tún wá ní kò wọlé. Láti ọdún 2014 pẹ̀lú, ètò kan wà tó pín iṣẹ́ ìwádìí sí ọ̀nà 14, kí a lè kọ ohun tí kálukú ṣe sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó dáadáa, Ogunyale kò ní jẹ́ orúkọ ìkẹyìn lásán. A ó mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àgbo ti wá.

Nítorí náà, ìgbìmọ̀ fi àbá yìí síwájú yín. Láti òní lọ, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá ṣe ìwádìí láàárín wa, kí ó kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka, kí ó sì dáhùn ìbéèrè mẹ́rin. Ta ni yóò kọ orúkọ sí ìwé náà, kí sì ni kálukú wọn yóò ṣe? Ọmọ ẹgbẹ́ tó bá bá yín ṣiṣẹ́, èló ni owó ọjọ́ rẹ̀? Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tó ti òǹkọ̀wé, ṣé ẹ ó pè é síbi ìkọ̀wé; bí kò bá tó, ṣé ẹ ó kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ síbi ìdúpẹ́, bí òun fúnra rẹ̀ bá fẹ́? Ìkẹrin ló ṣe pàtàkì jù: ọjọ́ wo ni ẹ ó padà wá sọ fún wa, ní Yorùbá, ohun tí ẹ rí?

A kò lòdì sí ìwádìí. Bí Asibi bá ti sá fún dókítà, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa kì bá sí níhìn-ín. Kí wọ́n wá. Ẹ̀yìn wa ń dùn wá, a sì fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí àyà bá ti dún tán, kí ẹnì kan má ṣe gbé ọwọ́ tirẹ̀ nìkan sókè.

Ẹni tó bá fara mọ́ àbá yìí, kí ó nawọ́. Ẹni tó bá ní àtúnṣe, kí ó dìde sọ̀rọ̀, akọ̀wé yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ yóò máa lágbára o.